Òkúta Tí Kò Sí Nínú Kànga

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò owó fún ọ, nítorí ìṣírò nìkan ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Owó tí o fi ránṣẹ́ nínú owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ₦20,000. Owó ẹ̀gẹ́ tí mo tà jẹ́ ₦22,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦42,000.

Bí mo ṣe ná an nìyí. Ọ̀kadà fún ọjọ́ mẹ́fà, ₦2,500 lójúmọ́, ₦15,000. Okùn tuntun, ₦4,800. Irin tí wẹ́dà gé fún mi, ₦3,000. Ìwé àti báírò, ₦700. Búrẹ́dì àti omi fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ₦3,600. Owó tí mo fún àwọn mẹ́gádì kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún mi, ₦2,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦29,500. Ó ku ₦12,500, ó wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ.

O máa béèrè pé kí ni bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ń fi okùn àti irin wá kiri Adó lórí ọ̀kadà. Kànga tí mo gbẹ́ nígbà tí agbára ṣì wà lára mi ni mo ń lọ wọ̀n.

Ìyìn sí Adó kò jìnnà, mo sì lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, o máa ní, "Bàbá, kò burú, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," èmi náà á sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ìdí kejì ni pé mo fẹ́ kí o ní ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, tí mo sì fọwọ́ sí, tí o lè gbé síwájú ọ̀gá rẹ.

O rántí ọjọ́ Àìkú tí o wá kí wa, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O tẹ́ máàpù Adó sórí tábìlì, ìyá rẹ kó àwo kúrò kí ọbẹ̀ má baà ta sí i. Ó bi ọ́ ní ohun tí wọ́n gbà ọ́ fún. O ní ẹ̀ ń wo irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìlú, kí ẹ lè mọ ibi tí ìyà yóò ti pọ̀ jù bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Ní Èkìtì yìí náà? Gbèsè ló ń mi èèyàn níbí, kì í ṣe ilẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

O kò bínú. O gbé ọmọ ọlọ sórí tábìlì, o gbé àwo ẹ̀kọ tó ti dì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o sì fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ọmọ ọlọ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kọ gbọ̀n, ó sì ń gbọ̀n lọ lẹ́yìn tí tábìlì ti dúró. O ní bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn: ìmìtìtì kan náà lè dé bá ilé méjì, èyí tó wà lórí òkúta á dúró, èyí tó wà lórí amọ̀ rírọ̀ tó jìn á máa jó. O ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé yóò ṣẹlẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn bá kọ́ lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ni yóò sùn sínú rẹ̀.

O tún ní ẹ̀rọ tí ẹ fi ń tẹ́tí sí ilẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, owó tó wà kò sì lè gbé e dé ju ibi ọgbọ̀n lọ. Ìdí nìyẹn tí o fi rántí ìwé mi, ìwé aláwọ̀ búlúù mẹ́ta tí mo kọ gbogbo kànga tí mo gbẹ́ ní Adó sí. Kànga 186. Mo kọ ilé tó wà, bó ṣe jìn tó, fíìtì tí ilẹ̀ pupa parí sí, fíìtì tí amọ̀ parí sí, àti fíìtì tí mo ti kan òkúta. O ní nígbà tí o gbé e dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ dìde lórí àga. Ẹ ti ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀, o sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún mi lọ́jọ́ náà.

Mo wo máàpù náà. Ibi tí òkúta wà nítòsí, ẹ fi àwọ̀ ewé kùn ún. Ibi tí ilẹ̀ rírọ̀ ti jìn, ẹ fi pupa kùn ún. Mo rí ìsàlẹ̀ odò tó wà lápá ọ̀nà Ìyìn, tí èmi àti ìwọ mọ̀. Àwọ̀ ewé ni. Mo fi ìka kàn án. O ní, "Kànga yín ló sọ fún wa, Bàbá. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn aláboyún sí, alájà mẹ́ta. Ní òpin oṣù tó ń bọ̀ la máa fún wọn ní máàpù."

Mo bi ọ́ bóyá ọ̀gá rẹ gba ìwé náà gbọ́. O ní, "Ó béèrè bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ní bàbá mi ló kọ ọ́."

Mo ní kí ìyá rẹ bu omi fún mi. Ẹ rò pé àgbà ni.

Àbẹ̀kẹ́, òkúta kò sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà, mo sì gba owó rẹ̀. Amọ̀ ni. Amọ̀ ni mo bá níbẹ̀ títí mo fi kan omi, n kò sì mọ bó ṣe jìn tó lẹ́yìn ibẹ̀.

Bí a ṣe ń gba owó kànga nígbà náà nìyí. Fíìtì kan nínú ilẹ̀ jẹ́ ₦150. Fíìtì kan nínú òkúta jẹ́ ₦600, torí òòlù àti irin la fi ń fọ́ ọ, fíìtì kan lè gba ọjọ́ méjì. Onílé kì í sọ̀kalẹ̀ wá wò. Òkè ló máa dúró sí, ohun tó bá rí nínú garawa ni yóò gbà gbọ́. Sùnmọ́nù, ará Ṣakí tó ń bá mi fa garawa, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kànga kan lẹ́bàá òkè, níbi tí òkúta wà lóòótọ́. Ó ń ṣa àfọ́kù òkúta sínú àpò ìrẹsì.

Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, òkúta yìí ti pa owó lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kò lè pa owó lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo ní, "Òkúta kì í rìn."

Ó ní, "Ọ̀kadà lè gbé e."

Mo rẹ́rìn-ín. Sùnmọ́nù ló dá a lábàá, ó ti kú, n kò sì fẹ́ di ẹ̀bi náà rù ú. Èmi ni ọ̀gá, èmi ni mo lè sọ pé rárá.

Ìgbà tí onílé bá ti lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀ la máa ń gbé amọ̀ jáde, a ó sì kó o dànù kíákíá. Bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, òkúta láti inú àpò náà ni yóò rí nínú garawa. Èmi á wà nísàlẹ̀, n ó máa fi òòlù lu irin kí wọ́n lè gbọ́ ọ lókè. Onílé mìíràn á ní, "Ẹ rọra o, Bàbá, ẹ má pa ara yín." Wọ́n á fún mi ní oúnjẹ lọ́tọ̀ nítorí òkúta tí n kò fọ́. Àpò kan náà la lò fún ọdún mélòó kan. Bí mo bá délé lálẹ́, n ó kọ ọ́ sínú ìwé: òkúta láti fíìtì 20 dé fíìtì 32. Onílé lè ní kí n mú ìwé wá kó tó sanwó, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ bá ẹnu mi mu.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ìmọ̀ràn àkọ́kọ́.

Èkínní. Kọ ohun tí ojú rẹ rí kí o tó mọ iye tí wọ́n máa san fún un. Ìwé tí ẹ ń pè ní ìwé ilẹ̀ yẹn, ìwé owó ni. Torí owó ni mo ṣe kọ gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀. N kò ronú láéláé pé ẹnì kan máa kà á lọ́jọ́ kan láti mọ ibi tí ilẹ̀ ti le. Níbi iṣẹ́ tìrẹ náà, ẹnì kan yóò wà tí yóò fẹ́ kí ibì kan jẹ́ àwọ̀ ewé torí ó ti ra ilẹ̀ síbẹ̀. Kọ nọ́ńbà rẹ sílẹ̀ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wọlé.

Èkejì. Má jẹ́ kí n fi ọ́ ṣe àwáwí. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé owó ilé ìwé rẹ ni. Òótọ́ ni pé owó ilé ìwé rẹ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tí mo ṣírò ohun tí mo rántí, rédíò wà nínú rẹ̀, bàtà funfun tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ tí a kọ́ ilé yìí sí náà wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo rò pé ọwọ́ yín ló le, Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo ọdún yẹn, mo máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ mi ń fọ́ òkúta." Kò tíì bá mi jẹun láti ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé nítorí àwọn ọmọ òun lòun ṣe ń ṣe nǹkan, ka owó náà títí dé orí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, o máa bá bàtà funfun níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Bẹ̀rù ìwé tó bá mọ́ tónítóní. O sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìwé bàbá rẹ mọ́, kò sí ìfagilé nínú rẹ̀. Lọ wò ó dáadáa. Ojú ìwé tó ní amọ̀ lára, tí mo ti kọ 17 tí mo fagi lé e, tí mo kọ 18, ọjọ́ náà ni mo jáde láti inú kànga tí mo sì kọ ohun tí mo rí. Àwọn irọ́ ni mo kọ nínú ilé, lábẹ́ iná, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo ti fọ̀. Wo nọ́ńbà náà pẹ̀lú. Òkúta tòótọ́ kì í mọ 20 yàtọ̀ sí 21. Ibi tó bá wù ú ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n èmi, tí mo bá fẹ́ purọ́, 20 ni mo máa ń kọ, tàbí 25, tàbí 30, torí ó rọrùn láti ṣírò. Èyí lè ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ tán, torí àwọn ọjọ́ kan wà tó rẹ̀ mí tí mo kọ 20 sí ibi tí òótọ́ jẹ́ 19 àbọ̀.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù. A kọ́ ọ pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kó ní ó purọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Nínú ilé yìí, bí mo bá ti ní isu mẹ́jọ ló wà, kò sẹ́ni tó tún un kà. Ní ìjọ, èmi ni akápò. Bí mo bá ti ka owó igbá, wọ́n á kọ ohun tí mo sọ. N kò mú kọ́bọ̀ rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn tu ara mi nínú, torí àwọn tí mo gbẹ́ kànga fún náà gbà mí gbọ́ bákan náà. Ọ̀gá rẹ bi ọ́ ní ìbéèrè tó yẹ. O fi orúkọ mi dáhùn. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwé yòówù tó bá wọ inú iṣẹ́ rẹ, tún un wọ̀n. Èyí tó bá wá láti ọwọ́ ẹni tí o fẹ́ràn, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe àrífín. Ì bá jẹ́ pé o bi mí ní ọjọ́ tí o wá gba ìwé náà pé, "Bàbá, ṣé gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀?" bóyá ǹ bá ti sọ fún ọ. Mo ní bóyá. N kò fẹ́ purọ́ mọ́, n kò sì mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo máa ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíràn. Òkò tèmi ti pẹ́ lójú ọ̀run, ìwọ ló wá bà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra okùn. Mo jókòó ti ìwé náà, mo ya kànga 186 sí ọ̀nà méjì. Àwọn 97 dá mi lójú: àwọn tó wà lẹ́bàá òkè, tí òkúta yọ orí síta, àti àwọn tí onílé wọn dúró tì wá láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ku 89. Nínú wọn, mo mọ̀ pé mo purọ́ nípa púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìka tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Mo mú irin, mo so ó mọ́ okùn, mo lọ.

Ìyá rẹ kò tíì mọ ìdí tí mo fi ń lọ nígbà náà. Ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ kànga ló tún ń lọ wọ̀n ọ́n. Ṣé kànga náà ti dàgbà sí i ni?"

Ọlọ́kadà tí mo bá ní Adó, ní Fájuyì, Bàbá Dáre, ẹni tó lé ní àádọ́ta ọdún, gbé mi fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ọjọ́ kejì ó ní, "Bàbá, ṣé owó yín ló já sínú kànga ni?"

Mo ní, "Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti já síbẹ̀."

Ó ní, "Ẹ gbàgbé ẹ̀. Àkèré ti ná an."

Bí irin bá kan òkúta nísàlẹ̀ kànga, ó máa ń dún, okùn á gbọ̀n mọ́ni lọ́wọ́. Bí ó bá bá amọ̀, kò ní dún. Á dákẹ́, okùn á máa wọlé lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹrẹ̀ díẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ kànga tó ti pẹ́, mo sì mọ ìyẹn, kì í ju ìka ọwọ́ sí ìgbúnwọ́ lọ. Ohun tí mo rí ju ìyẹn lọ. Ní kànga kẹta, irin náà wọlé ju gígùn ara mi lọ. Ìwé mi ní fíìtì méjìlá òkúta ni mo fọ́ níbẹ̀.

Nínú 89, mo rí 33 wọ̀n. Méjìlá dún. Mọ́kànlélógún dákẹ́. Mo kọ ilé gbogbo wọn sínú ìwé ọ̀tọ̀ tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí. Ó ku 56 tí n kò rí. Ní 38, wọ́n ti dí kànga náà torí wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ní 11, ilé ti gba orí rẹ̀. Ní 7, wọn kò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n rò pé oògùn ni mo fẹ́ jù sí i. N kò bá wọn jà. Kò sí owó tó lè ṣí àwọn 56 yẹn fún mi, kò sì sí ẹlẹ́rìí kankan yàtọ̀ sí èmi, èmi tó sì ti gbàgbé. Mo ti jókòó tì wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, mo ń ka orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan bóyá ojú mi á là. Kò là.

Ìmọ̀ràn karùn-ún nìyí, òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Lọ bá ọ̀gá rẹ ní ọjọ́ Ajé. Má dúró di òpin oṣù. Mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́, kí o sì jẹ́ kó kà á. N kò ní sọ fún ọ pé yóò dára. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán ọ wò kò tíì pé, ìwọ lo gbé ìwé náà wá, ìwọ lo ní bàbá mi ló kọ ọ́. Wọ́n lè ní kí o máa lọ sílé. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò jẹ̀bi. Mo ti ṣírò rẹ̀: owó ilé tí o san máa gbé ọ dé oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ₦12,500 tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ tìrẹ, oko ẹ̀gẹ́ tó kù lè mú ₦30,000 wá bí òjò bá dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Má fi owó oṣù yìí ránṣẹ́ sí mi, má sì ra fóònù tí o sọ.

Bí o bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ máa dúró, wọ́n á sì gbé ilé alájà mẹ́ta lé orí ẹ̀kọ. Àwọn aláboyún ni wọ́n máa tẹ́ sórí ibùsùn níbẹ̀. Ilẹ̀ lè má mì títí èmi àti ìwọ fi kú. Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀ náà, ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Mo ní, ta ló máa mọ̀? Ohun tí mo máa ń sọ nínú kànga nìyẹn, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹfà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o dúró, má torí ìbínú sí mi kí o fi pupa kun gbogbo ibi tí mo ti purọ́. Ìyẹn náà irọ́ ni. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ kékeré kan péré láyé, bí o bá kùn ún ní pupa láìwọ̀n ọ́n, o ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn 21 tó dákẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ síbẹ̀. Àwọn 56 tí n kò rí, fi wọ́n sílẹ̀ ní funfun. Jẹ́ kí àlàfo wà nínú máàpù náà. Ojú máa tì ọ́ láti fi máàpù tó ní ihò han àwọn èèyàn ńláńlá, ṣùgbọ́n ihò ló sọ òótọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo fún ọ.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo lọ ní ọjọ́ kẹfà, kí o lè mọ ìdí tí mo fi ní ọjọ́ Ajé.

Opó kan wà ní ìsàlẹ̀ odò yẹn, Ìyá Tíṣà là ń pè é, ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ ilé kan tí kò ní òkè. Mo gbẹ́ kànga fún un. Mo kọ fíìtì 14 òkúta sí i lọ́rùn, ó san án, ó sì fún mi ní àkàrà. Ó ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fúnmiláyọ̀, ló ń gbé ibẹ̀ báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ayálégbé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé ilé náà ti di alájà kan.

Fúnmiláyọ̀ dá mi mọ̀. Ó ní, "Bàbá oníkànga. Ẹ wá wo òkúta yín." Ó fi wọ́n hàn mí. Ìyá rẹ̀ ti ní kí a fi mélòó kan sílẹ̀ fún òun nígbà náà, ó fi wọ́n ṣe etí ọgbà òdòdó. Láti inú àpò Sùnmọ́nù ni wọ́n ti wá. Ó ní, "Màámi máa ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò pé orí òkúta ni ulé àwọn wà. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbé òkè lé e nìyẹn. Bíríkìlà ní ìpìlẹ̀ kò tó, wọ́n ní kó lọ wo ìwé Bàbá oníkànga."

Mo ju irin sínú kànga níṣojú rẹ̀. Kò dún. Mo bá sọ fún un.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí ẹnu kànga. Mo ti ka owó náà sínú àpòòwé láti ilé, fíìtì 14, ₦450 tí mo fi ju ti ilẹ̀ lọ lórí fíìtì kọ̀ọ̀kan, ₦6,300. Mo nà án sí i.

Ó ní, "Ẹ gbé owó yín, Bàbá. Èèyàn mọ́kànlá ló ń sùn nínú ulé yìí, márùn-ún wà lókè. Ṣé ká máa sùn níbẹ̀ àbí ká má sùn níbẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ta ló wá mọ̀?"

Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn.

Ó ní, "Ọmọ yín náà?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún un kó wá fúnra rẹ̀. Kó má rán ìwé."

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, bí o bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ní ọjọ́ Ajé, bó jẹ́ kí o dúró síṣẹ́ o, bó lé ọ o, yà sí ilé Fúnmiláyọ̀. Mo ti kọ bí o ṣe máa débẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ọ̀tọ̀ tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí. Èmi kò ní lè bá ọ lọ. N kò lè tún wo àwọn òkúta yẹn.

Bàbá rẹ tó bí ọ ló kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i,

Bàbá Àbẹ̀kẹ́, agbẹ́kànga.

Gbèsè mi lórí kànga 21 tó dákẹ́: òkúta irọ́, fíìtì 252. Owó tí mo fi jù lórí fíìtì kọ̀ọ̀kan, ₦450. Àpapọ̀, ₦113,400.
Èyí tí mo ti san: òfo.
Èyí tó kù: ₦113,400, láìka ti kànga 56 tí n kò rí.